Ṣé ká kọ́lé sí Mowe ni, àbí ká gba ilé tó fẹ̀ sí i?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ògbà ni à ń gbé, nínú fúláàtì oníyàrá méjì, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọmọ ọdún 39 ni mí, olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó. Bàbá àwọn ọmọ mi jẹ́ ẹni ọdún 46, Ìkẹjà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ mẹ́rin ni a bí: ọdún 15, 12, 8 àti 3. Láti ọdún tó kọjá ni ìyá ọkọ mi ti dé láti Ìjẹ̀bú-Igbó, lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n. Owó ilé wa jẹ́ 1,200,000 náírà lọ́dún, àmọ́ lánlọ́ọ̀dù ti kọ̀wé pé 1,800,000 ni a ó máa san báyìí. A ní 7,000,000 náírà nínú àjẹṣẹ́kù. Ọkọ mi ní ká fi 3,500,000 ra háàfù pùlọ́ọ̀tì sí Mowe, ká fi ìyókù gbé yàrá méjì dìde, ká kó wọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó ń san owó ilé ń da owó sínú odò ni. Èmi ní ká gba fúláàtì oníyàrá mẹ́ta. A ti dán an wò, ẹni kan kò lè ti Mowe wá sí Ògbà kó padà kó ná kéré sí 3,000 náírà lójúmọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ dìjà láàrin wa. Ta ló tọ̀nà nínú àwa méjèèjì?"

Ẹ ṣeun, arábìnrin mi. Iṣẹ́ èstéètì ni mo ń ṣe, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ènìyàn wá ilé, tí mo ń bá àwọn onílé gbowó, tí mo sì ń díye lé ilé. Owó nìkan ni ó máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó ń dé ọwọ́ mi. Lẹ́tà tiyín ka àwọn ènìyàn inú ilé fún mi, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, ohun tó jẹ́ kí n lè dáhùn nìyẹn. Bí mo ṣe gbọ́ ọ sí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ta ló tọ̀nà ló wà nílẹ̀. Ènìyàn méje ló ń sùn sínú yàrá méjì, ọ̀kan nínú wọn kò lè gun àtẹ̀gùn, ọ̀kan ń múra ìdánwò WAEC, ọ̀kan ṣì ń jí sunkún lóru, lánlọ́ọ̀dù sì tún fi lẹ́tà lé e lórí. Bàbá àwọn ọmọ ń wo lẹ́tà náà, ẹ̀yin ń wo ibi tí ènìyàn méje yóò sùn sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ owó tó ń bọ́ sódò yìí. Gbogbo wa la gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí wa, ó sì ní ìdí tirẹ̀: láyé wọn, ẹni tó kọ́lé sí Èkó tàbí sí ìlú rẹ̀ ni wọ́n ń kà mọ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń san owó ilé ń ra nǹkan. Ẹ̀yin ń ra ìsúnmọ́ ilé ẹ̀kọ́ yín, ìsúnmọ́ ibi iṣẹ́ ọkọ yín, ìsúnmọ́ ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà tí màmá nílò, àti òmìnira láti kó kúrò nígbà tí nǹkan bá yí. Ẹni tó ń gbé ilé ara rẹ̀ náà ń san owó, ó kàn jẹ́ pé kì í san án fún lánlọ́ọ̀dù ni. Ẹ wo iye tí ẹ fúnra yín kọ. Bí ẹ̀yin àti ọkọ yín bá ń ná 3,000 lójúmọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, fún nǹkan bí ọjọ́ iṣẹ́ 240 lọ́dún, 1,440,000 náírà nìyẹn. Bí àwọn ọmọ méjì àkọ́kọ́ kò bá kúrò ní ilé ìwé tí wọ́n wà, tí àwọn náà ń wọkọ̀ fún ọjọ́ 180, 1,080,000 tún ni. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,520,000 náírà lọ́dún, a ò tíì ka jẹnẹrétọ̀, a ò tíì gbẹ́ kànga. Owó ilé tuntun tí ẹ ń sá fún kò tó bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, bí ẹ bá mú gbogbo àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwé ní Mowe, owó ọkọ̀ tẹ̀yin méjèèjì nìkan ni yóò kù, ìyẹn sì dín díẹ̀ sí 1,800,000. Àmọ́ ta ni yóò mú ọmọ ọdún 3 nílé ìwé lágogo méjì, nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì ṣì wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn? Màmá tí ara wọn kò yá? Àbí ẹni ọdún 15 tó ń kàwé ìdánwò?

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ jọ jókòó lé lórí ni iye ènìyàn tí yóò wà nínú ilé yín lọ́dún kọ̀ọ̀kan láti ìsinsìnyí sí ọdún mẹ́wàá. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé. Ọdún yìí ẹ jẹ́ méje, kò sì dájú pé ẹ ó tún pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ láé. Láàrin ọdún mẹ́ta, bí Ọlọ́run bá ṣe é, àkọ́bí yóò ti wà ní yunifásítì, yóò máa wálé nígbà ìsinmi. Láàrin ọdún mẹ́fà sí méje, èkejì yóò tẹ̀ lé e. Nígbà tí àbíkẹ́yìn yín bá fi pé ọdún 13, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún péré ni yóò máa sùn nílé lálaalẹ́. Ilé tí ẹ nílò lónìí kì í ṣe ilé tí ẹ máa nílò nígbà tí ọkọ yín bá di ẹni ọdún 56. Láyé àwọn bàbá wa, agbo ilé ló ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí: ọmọkùnrin gbéyàwó, wọ́n fa yàrá kan mọ́ ògiri, arúgbó kú, yàrá rẹ̀ di ti ẹlòmíràn. Ilé ń dàgbà pẹ̀lú ìdílé. Háàfù pùlọ́ọ̀tì kò ní àyè bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ń kọ́lé sórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ irú ìdílé tí òun ń kọ́ ọ fún: ṣé èyí tó wà nílẹ̀ ni, àbí èyí tó ń bọ̀?

Mo ti rí ibi tí àṣìrò yìí já sí lápá kejì. Ẹ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde tàbí sí àwọn àdúgbò àtijọ́ ní Ìbàdàn, ẹ ó rí ilé oníyàrá mẹ́jọ tí bàbá olówó kan kọ́ nígbà tí ọmọ kún ilé. Lónìí, bàbá àti ìyá méjì ló kù nísàlẹ̀, òkè ti ń jò, àwọn ọmọ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Houston. Àwọn àgbàlagbà náà kò lè tà á nítorí ojú ayé, wọn kò lè fi gba ayálégbé nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ yàrá mẹ́jọ pọ̀, owó ìfẹ̀yìntì kò sì lè tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, kò sí ẹni tó lè bá wọn jiyàn.

Nípa màmá, n kì í ṣe dókítà, n kò ní sọ bí ara wọn yóò ṣe rí. Ohun tí mo lè sọ ni pé ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú kò yẹ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Èyí nìkan tó ìdí láti kó kúrò níbi tí ẹ wà, yálà lánlọ́ọ̀dù fi owó kún owó ilé tàbí kò fi kún un. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú lẹ́tà yín, òun ni ó ń kánjú jù. Ilé ìsàlẹ̀ ni ẹ nílò, tí ilé ìwẹ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí yàrá, tí ọkọ̀ lè dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lóru bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà àdúgbò tuntun ní Mowe kò ṣeé gbà nígbà òjò, ọkọ yín náà mọ̀ ọ́n.

Ohun kan tún wà tí n kò rí i pé ẹ mẹ́nu bà. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni Mowe wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ni yín. Bí ẹ bá kó lọ sí Ìkòròdú tàbí Alímọ̀ṣọ́, ẹ lè kọ̀wé pé kí wọ́n gbé yín lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó súnmọ́ ilé yín, bóyá wọn yóò gbà, bóyá wọn kò ní gbà. Bí ẹ bá kó lọ sí Mowe, kò sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba Èkó kankan níbẹ̀ tí wọ́n lè gbé yín lọ. Títí ẹ ó fi fẹ̀yìntì ni ẹ ó máa ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí èkejì láràárọ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ọwọ́ ara rẹ̀, bíi télọ̀ tàbí ẹni tó ń ta aṣọ, lè gbé iṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé ilé. Iṣẹ́ tiyín kò ṣeé gbé.

Nísinsìnyí, ibi tí ọkọ yín ti jàre. Lánlọ́ọ̀dù kì í fẹ́ràn èrò púpọ̀. Mo ti bá àwọn onílé ṣiṣẹ́ tó láti mọ ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ ń bi éjẹ́ǹtì: "Ọmọ mélòó ni wọ́n ní?" Wọ́n ń ro sọkàwéè tó máa kún, wọ́n ń ro omi, wọ́n ń ro ariwo. Ènìyàn méje yóò wá ilé pẹ́ ju tọkọtaya tí kò tíì bímọ lọ, wọ́n lè kọ̀ fún yín níbi tí wọ́n ti gba ẹlòmíràn láyọ̀. (Obìnrin tí kò ní ọkọ náà ń jẹ ìyà yìí lọ́nà tirẹ̀, òun ni wọ́n ń bi pé níbo ni ọkọ rẹ̀ wà, bí ẹni pé ọkọ ló ń san owó ilé fún gbogbo ayé.) Lẹ́yìn náà, gbogbo ìgbà tí ẹ bá kó, ẹ ó san kọmíṣọ̀n, ẹ ó san àgírímẹ́ǹtì, ẹ ó san owó ìdáàbòbò ilé, àwọn ọmọ yóò sì yí ilé ìwé padà. Ìdílé tó tóbi máa ń náwó jù nígbà kíkó. Nítorí náà ìfẹ́ tí ọkọ yín ní láti fìdí kalẹ̀ síbì kan kì í ṣe ìgbéraga, iye ọmọ tí ẹ bí ló ń tì í. Ohun tí n kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ ni pé ọdún yìí ni àkókò, àti pé Mowe ni ibẹ̀.

Ìdí kan ni pé owó kò tó. Nígbà tí ẹ bá san 3,500,000 fún ilẹ̀, ìyókù rẹ̀ kò lè gbé ilé tí ènìyàn méje lè wọ̀ dìde ní ọjà sìmẹ́ǹtì tí a wà yìí. Ṣáájú búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́, àwọn ọmọ onílẹ̀ lè gba owó ìpìlẹ̀, wọ́n tún lè padà wá nígbà tí ẹ bá dé òrùlé. Òfin wà tó lòdì sí i ní ìpínlẹ̀ Èkó àti Ògùn láti ọdún 2016, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ wà níwájú wọn lọ́jọ́ náà ni ẹ ó pinnu bóyá ẹ ó pe ọlọ́pàá tàbí ẹ ó dunàá dúrà. Ilé tí a kó wọ̀ láìparí, tí kò ní sílíìn, tí fèrèsé rẹ̀ jẹ́ pákó, ẹni ọdún 25 méjì lè fi ìfẹ́ fara dà á. Ọmọ ọdún 3 àti aláìsàn kò lè fara dà á. Ká tiẹ̀ ní wọ́n ta ilẹ̀ náà pọ́ọ́kú, ẹ má san kọ́bọ̀ kí ẹ tó fi sọ́fè rẹ̀, ìyẹn ìwé tó ya ìwọ̀n ilẹ̀ náà, ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ilẹ̀ ní Abẹ́òkúta láti wò ó bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà. Láti ọdún 1978 tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti dé, gómìnà ló ni àṣẹ lórí ilẹ̀ ìpínlẹ̀. Rìsíìtì tí ẹbí tẹ ìka sí kò tó nǹkan bí ìjọba bá ti ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà láti rí owó, ọjọ́ orí sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Àpò owó ilé kíkọ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1992, tí à ń pè ní NHF, ń yá àwọn tó ń dá owó sínú rẹ̀ lówó láti ra ilé tàbí láti kọ́ ọ, èlé rẹ̀ sì kéré púpọ̀ sí ti báǹkì. Wọ́n lè fún ènìyàn ní ọdún 30 láti san án padà, àmọ́ kò gbọdọ̀ kọjá ìgbà tí ẹni náà bá pé 60. Ọkọ yín tó jẹ́ 46 kò ní ju ọdún 14 lọ. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ 39 lè rí 21. Owó kan náà tí a pín sí ọdún 21 fúyẹ́ lóṣooṣù ju èyí tí a pín sí ọdún 14 lọ, nítorí náà bí ẹ̀yin méjèèjì bá ń dá owó sí NHF, orúkọ yín ló yẹ kó ṣíwájú. Bí wọn kò bá ń yọ ọ́ nínú owó oṣù yín, ẹ béèrè bí ẹ ṣe lè forúkọ sílẹ̀ fúnra yín. Bákan náà, láti 2022, ẹni tó wà nínú ètò owó ìfẹ̀yìntì lè yọ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ láti fi ṣe owó àkọ́san fún ilé tí ilé ìfowópamọ́ ń yá a lówó rà. N kò fọwọ́ sí i fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá ní ọmọ ọdún 3 lọ́dún 46 yóò ṣì máa san owó ilé ìwé nígbà tó bá fẹ̀yìntì. Owó náà ló máa fi san án. Ẹ sì mọ̀ pé kò sí èyí tí wọ́n máa fún yín lórí háàfù pùlọ́ọ̀tì tó ní rìsíìtì lásán. Ìwé tó dúró ni wọ́n ń wò.

Orúkọ ta ni yóò wà lórí ilẹ̀ náà? Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ dá owó sínú àjẹṣẹ́kù. Nínú àṣà wa, bí ọkùnrin bá kú láìkọ ìwé ìpíngún, ilé rẹ̀ di ti àwọn ọmọ rẹ̀ lápapọ̀, aya kì í jogún ọkọ. Bí ó bá sì ní ọmọ níbòmíràn, wọn yóò pín in ní ìdí-igi (ìpín kan fún àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan), kì í ṣe orí-ò-jorí (ìpín kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan). Ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀: ọkùnrin kan ní Èkó kú, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, ẹjọ́ ogún rẹ̀ rìn dé Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún wa nígbà náà, ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì dájọ́ ní 1962 pé ọ̀nà mẹ́rin ni kí wọ́n pín in sí. N kò sọ pé ọkọ yín ní aya níta, kò kàn mí. Bí ẹ bá ṣe ìgbéyàwó kóòtù, òfin tó yọ ìpín fún opó ló máa wo ogún náà. Síbẹ̀, ohun tó rọrùn jù ni kí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì wà lórí rìsíìtì, lórí sọ́fè àti lórí ìwé àdéhùn láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ẹ bá lọ́yà sọ̀rọ̀ lórí bí wọn yóò ṣe kọ ọ́, iṣẹ́ tèmi kò dé ibẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo wà nípò yín, n ó wá fúláàtì oníyàrá mẹ́ta nísàlẹ̀ ilé lápá Ìjú-Ìṣàgá tàbí inú Agége. Ọkọ̀ ojú irin Red Line tó ti Àgbàdo lọ sí Ọ̀yìngbò ń dúró ní Ìjú, Agége àti Ìkẹjà, nítorí náà ọkọ yín yóò dé ibi iṣẹ́ láìwọ ojú ọ̀nà márosẹ̀, àwọn ọmọ kò sì ní fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ́dún ìdánwò. Ó ṣeé ṣe kí owó ilé kan náà ra àyè púpọ̀ níbẹ̀ ju Ògbà lọ. N ó sì fi apá kan nínú mílíọ̀nù méje náà ra ilẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní kọ́ nǹkan kan sórí rẹ̀ ju odi àti géètì lọ títí ọmọ kejì yóò fi wọ yunifásítì. Àléébù ibẹ̀ ni pé owó ilé yóò máa pọ̀ sí i bí ẹ ṣe ń dúró, sìmẹ́ǹtì náà yóò máa wọ́n, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún yín èwo ni yóò yára jù. Ilẹ̀ tí a kò kọ́ sí náà ń fẹ́ ìṣọ́. Bí ọkọ yín bá ní òun kò lè fara da ewu yẹn, kì í ṣe agídí.

Ní ti lẹ́tà lánlọ́ọ̀dù, Òfin Ayálégbé ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 dé Ògbà. Ayálégbé ọlọ́dọọdún tí àdéhùn rẹ̀ kò sọ ohun mìíràn ní ẹ̀tọ́ sí nótíìsì oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó lé e jáde, ó sì lè ní kí kóòtù wò ó bóyá owó tí wọ́n fi kún un bá ti àdúgbò mu. Ẹ má gbé e lọ sí kóòtù. Ẹ sọ fún lánlọ́ọ̀dù ní pẹ̀lẹ́tù pé ẹ ń múra àtikó nítorí màmá, kí ó jẹ́ kí ẹ san oṣù mẹ́fà sí i ní iye àtijọ́. Ọ̀pọ̀ onílé yóò gbà, nítorí ìgbà tí ẹ bá kó jáde ni ó lè gba owó tó wù ú lọ́wọ́ ẹni tuntun.

Nínú lẹ́tà yín, ẹ sọ ohun tí ọkọ yín fẹ́ àti ohun tí ẹ̀yin fẹ́, kò sí ibi tí ẹ ti sọ ohun tí màmá fẹ́. Ẹ bi wọ́n. Mo mọ àwọn ìyá tó wá gba ìtọ́jú ní Èkó tí ọkàn wọn wà lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn nílé, tí wọ́n kàn ń dákẹ́ nítorí wọn kò fẹ́ dà bí ẹni tí kò moore. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó, tí dókítà sì gbà, tí ẹnì kan wà níbẹ̀ tó lè tọ́jú wọn, ẹ kọ̀wé sí mi padà kí ẹ tó san owó ilé kankan, nítorí yàrá kẹta tí mo ń sọ yìí lè má pọn dandan mọ́, a ó sì tún gbogbo ìṣirò náà ṣe.